Ẹ́dítọ̀ Tí Wọn Yóò Fi Tún Ẹ̀rọ Mímí Ṣe

Èmi, tí àwọn oníbàárà mọ̀ sí Ọ̀gá Má-Fi-Kún-Un, olórí ilé-iṣẹ́ akọ-kóòdù tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé mi, ni mo ń kọ ìwé ìhágún yìí lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ara mi kò dá, ṣùgbọ́n ọpọlọ mi pé, ẹnikẹ́ni kò sì tì mí sí i. Agbẹjọ́rò mi ni kí ó mú un ṣẹ.

Ẹ̀kínní: Ilé òkè di ti ọmọbìnrin mi àgbà àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ní dọ́gbadọ́gba. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí yàrá ìyá wọn padà.

Ìyá wọn ló bá mi yan ẹ́dítọ̀, ìyẹn ètò tí a fi ń kọ kóòdù sínú kọ̀ǹpútà, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Ojú ewé funfun, lẹ́tà dúdú, ó parí. Nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ ìlà nìkan ló bẹ̀ mí fún, mo sì gbà. N kò rí ẹni tí ìwọ̀nba tẹ́ lọ́rùn bíi tirẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kejì: Ológbò mi di ti télọ̀ òdìkejì òpópónà. Kí ó má jẹ́ kí ó sùn lórí kíbọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni. Kóòdù tó ti bá wa kọ ti tó.

Ẹ̀kẹta: Ilé-iṣẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí.

Òfin wa ni pé kóòdù kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹni méjì fọwọ́ sí i. Ọmọkùnrin mi gbé ẹ́dítọ̀ ńlá wọlé, èyí tó máa ń bá ènìyàn parí ọ̀rọ̀. Nínú kóòdù tí a kọ fún ẹ̀rọ mímí ilé ìwòsàn yìí, ó tẹ ìdajì orúkọ àṣẹ kan, ẹ́dítọ̀ fi orúkọ mìíràn parí rẹ̀, òun náà sì gbà á láìwò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí dúró lójijì nígbà tí wọ́n ń dán an wò. Ọpẹ́ ni pé kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ẹ́dítọ̀ kékeré tí èmi àti ìyá wọn yàn tún un ṣe. Àbúrò kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Ó ní òun kò lè máa táràrà kiri nínú ẹ́dítọ̀ àwọn arúgbó. “Ìwọ” ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú dókítà. Ẹ̀gbọ́n pòṣé, ó sì jáde nígbà tí mo ṣì ń sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ̀kọ́ ilé tí mo fún wọn nìyẹn?

Nítorí náà, ẹ́dítọ̀ kékeré ni kí wọ́n ṣí, nítorí ohun tí ọwọ́ bá tẹ̀ nìkan ló ń kọ. Àbúrò ni yóò máa tẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni yóò máa ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè, lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, lónìí. “Ẹ̀yin” ni àbúrò yóò máa lò. Ẹ̀gbọ́n kò sì gbọdọ̀ dìde kí iṣẹ́ tó parí. Bí wọ́n bá jọ fọwọ́ sí i, àwọn méjèèjì ló ni ilé-iṣẹ́. Fún iṣẹ́ yòókù, kí oníkálukú lo ẹ́dítọ̀ tó wù ú.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn ni ilé ìwòsàn yìí ní, òun ni yóò sì bá mi mí nígbà iṣẹ́ abẹ lọ́la. Dókítà ní kò ṣeé sún sí ọjọ́ mìíràn mọ́. Mo ti sọ fún un pé n kò ní gun tábìlì láìrí ìfọwọ́sí àwọn méjèèjì. Bí ogún bá ń kán èyíkéyìí nínú wọn lójú, kí ó jókòó sílé.

Ọwọ́ èmi fúnra mi ló kọ ọ́: Má-Fi-Kún-Un.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta.

Ẹlẹ́rìí: Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù.
Ẹlẹ́rìí: Mẹkáníìkì orí bẹ́ẹ̀dì kejì, tó ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun kò dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí.