Zóbò, Eyín Mi àti Ìfun Zainudeen

Ojúlé Kejìlá,
Bulumkutu,
Maiduguri,
Ìpínlẹ̀ Borno.
Ọjọ́ kẹfà, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Kaosarah mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o? Màmá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Jókòó kí o tó ka èyí: mo ti lọ́kọ! Láti ìparí oṣù kẹjọ ni wọ́n ti so yìgì wa ní Wulari. Má bínú pé mo fi pamọ́. N kò mọ̀ bóyá ìyàwó ni màá kọ̀wé pé mo jẹ́ tàbí opó.

Ọjọ́ kẹta tí mo délé ọkọ, lọ́sàn-án gangan, ọlọ́ṣà mẹ́ta bọ́ láti inú kẹ̀kẹ́ Nàpẹ́pù, wọ́n já wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ Zainudeen ọkọ mi, níbi tí èmi náà wà. Wọ́n ní kó mú fóònù wá. Kó tó nawọ́, ọ̀kan ti ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ níkùn, ó sì yí i. Ẹ̀jẹ̀ tú sórí aṣọ oníbàárà. Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi di ihò náà dé ilé ìwòsàn, ìfun rẹ̀ ń gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ọ̀bẹ ti gé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ìfun. Dókítà Ìdírísù rán an pọ̀, ó ní ìfun tó ti dúdú ti ń pọ́n padà. Mo pariwo ayọ̀, ó ní kí n rọra. Ìfun tí ebi ẹ̀jẹ̀ ti pa, bí ẹ̀jẹ̀ bá tún ya wọ̀ ọ́ lójijì, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ náà lè di oró tí yóò máa jó o. Ó ń fa òògùn kan sí i lára láti pa oró náà, ṣùgbọ́n ìwádìí ṣì ń lọ lórí rẹ̀, kò lè ṣèlérí. Ohunkóhun kò sì gbọdọ̀ gba ẹnu ọkọ mi wọlé. Ó wá fi kún un pé irú ohun tó ń pa oró bẹ́ẹ̀ wà nínú zóbò pàápàá.

Bọ̀dá Wàhábì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, gbọ́ zóbò, wọn ò gbọ́ ìyókù. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì wọlé, wọ́n fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò wọn kó lè la ẹnu. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí dànù. Kaosarah, mo gé ọwọ́ wọn jẹ títí eyín mi fi kan egungun! A jọ ṣubú lulẹ̀, kẹ́ẹ̀gì fọ́, zóbò sọ kaftani funfun wọn di pupa. Aláìsàn orí bẹ́ẹ̀dì kejì ń ké pé wọ́n tún ti gún ẹlòmíì.

“Ìyàwó ọjọ́ mẹ́rin! Èmi lo gé jẹ?”

“Ẹ dákun, Bọ̀dá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún gbé e wá, màá gé èkejì jẹ.”

Susannah, nọ́ọ̀sì wa, ń rẹ́rìn-ín: “Amarya, sannu da aiki!” Ó ń kí ìyàwó tuntun kú iṣẹ́ ni. Ó ní bí ìfun bá wà láàyè, yóò sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

A dúró. Ibà mú un, ikùn rẹ̀ le bí pákó, mo ń ka èémí rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Zainudeen só! Ó dún yí wọ́ọ̀dù ká. Mo jó, Bọ̀dá Wàhábì gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì sókè, wọ́n ń kígbe “Allahu Akbar!” Dókítà ní òun ò lè sọ bóyá òògùn ni tàbí orí ọkọ mi. Èmi ò bìkítà. Lánàá ó jẹ tuwo abọ́ méjì.

Bá mi kí Màmá, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Sọ fún gbogbo ilé pé wálímà tí ọ̀bẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi yóò wáyé ní Sátidé kan, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pẹ́.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ, tó ti di ìyàwó ilé,
Mùfúlíátù, aya Zainudeen.

Jímọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún, Oṣù Kọkànlá, 2025, ni gbogbo yín gbọdọ̀ ti dé, wálímà di ọjọ́ kejì!