Ẹni Tó Dọ̀bálẹ̀ Níwájú Àga Bàbá Yín

Mubashir Àkànní, ọmọ mi,

Àsàláàmù aleikum. Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé Èkó ń ṣe yín jẹ́jẹ́? Àwa náà wà níbí ní Ìbògùn, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, orúnkún mi nìkan ló ń bá mi jà, ìyẹn náà sì ti mọ́ mi lára. Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹ, ojú ò ní tì ẹ́ láwùjọ, àmín.

Ẹrù tí o fi ránṣẹ́ ti dé o. Nígbà tí o ní o ń fi ẹ̀rọ orin ránṣẹ́ kí ilé má baà dá jù fún mi, rédíò ni mo rò, àfi ìgbà tí Bádéjọ, ọmọkùnrin tí o rán wá láti Àjùwọ̀n láti bá mi tò ó, bẹ̀rẹ̀ sí í já àpótí sílẹ̀ títí pálọ̀ fi kún. Ó ní èyí tó tóbi jù yẹn ni wúfà, òun ló ń gbé bẹ́ẹ̀sì, ohùn tó ki yẹn, jáde. Ó wá bi mí pé ibo ni onílé máa ń jókòó sí. Mo nawọ́ sí àga bàbá yín. O mọ̀ ọ́n, èyí tí igi ẹ̀ ti dán níbi tí wọ́n máa ń gbé apá lé, àràárọ̀ ni mò ń nù ún, ẹnikẹ́ni ò sì tíì jókòó sí i láti ìgbà tí Ọlọ́hun ti pè wọ́n. Wúfà yẹn ni Bádéjọ gbé gúnwà sórí ẹ̀! Inú bí mi, àmọ́ kí n tó lanu, ó ti tan ẹ̀rọ, àpótí ń kùn hùnnn, ni ọmọ náà bá nà gbalaja sílẹ̀ níwájú àga. Gbalaja, Àkànní, àyà àti ikùn nílẹ̀, bí o ṣe máa ń ṣe nígbà tí bàbá yín bá ti Ifọ̀ dé.

Mo rò pé ó ti gbọ́ irú èèyàn tí bàbá yín jẹ́ ni, ó sì fẹ́ kí wọn kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Mo bá wọn dáhùn. Mo ní wọ́n ní o ṣeun, wọ́n ní ìwọ náà á bí ọmọ tó máa dọ̀bálẹ̀ kí ẹ. Ó ní àmín láti ilẹ̀. Mo ní dìde, wọ́n ti gbọ́. Kò dìde o, ńṣe ló rákò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó tún dọ̀bálẹ̀, ó fetí lélẹ̀, ó rákò lọ sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó tún dọ̀bálẹ̀. Gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ ni mo gbà tán, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Ìgbà tó parí ló wá ṣàlàyé. Ó ní bẹ́ẹ̀sì kì í dọ́gba nínú yàrá, pé wọn á kọ́kọ́ gbé wúfà síbi tí èèyàn máa jókòó, wọn á wá máa rákò kiri kí wọ́n lè mọ ibi tó ti dùn létí jù, ibẹ̀ ni wọn á gbé e sí. Mo gbọ́, àmọ́ mi ò gba àdúrà mi padà. Ṣé o mọ ibi tó dùn jù? Igun ẹ̀yìn ilẹ̀kùn! Níbi tí ìkòkò omi mi wà nígbà kan, tí bàbá yín da omi inú ẹ̀ nù, tí wọ́n sì ki sípíkà rédíò wọn bọ̀ ọ́ kí ohùn lè ki dáadáa. Mo jà títí lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ lo máa ń di wáyà ẹ́ríà mú lójú fèrèsé, tí o bá ti mira pẹ́nrẹ́n, rédíò á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, wọ́n á ní Àkànní, dúró jẹ́ẹ́. Ayé ìgbà yẹn dùn o. Àárò ẹ̀ ń sọ mí gan-an.

Lẹ́yìn tó gbé wúfà lọ síbẹ̀, ó fi máìkì kékeré kan sórí igi lórí àga, ó ní òun ni ẹ̀rọ á fi gbọ́ bí ohùn ṣe ń dé ọ̀gángán etí ẹni tó máa jókòó. Mo fi ibi tí etí bàbá yín máa ń dé hàn án, mo ní kó sún un sápá ọ̀tún díẹ̀, torí etí òsì wọn ò gbọ́ràn dáadáa. Ó ní ká dákẹ́. Ẹ̀rọ náà ń dún hùùù, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, mo rò pé ó ń kí wa ni, mo ní wa aleikum sàláàmù, ni iṣẹ́ bá bàjẹ́, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá ó ní pálọ̀ yìí ń dá ohùn padà jù torí ó ṣófo, pé kápẹ́ẹ̀tì, kọ́tìnì àti èèyàn ló máa ń fa ohùn mu. Ṣé mi ò mọ̀ ni? Nígbà tí ẹ̀yin ọmọ ń sùn lórí ẹní níbẹ̀, ta ló gbọ́ ohùn tó padà?

Bádéjọ ní o máa fi owó kápẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Mo fẹ́ owó náà o, má rò pé mi ò fẹ́. Àmọ́ òun ni kí o fi wọkọ̀, kí o kó ìyàwó àti àwọn ọmọ dání, kí wọ́n wá fa ohùn mu. Láti ọjọ́ fìdáù bàbá yín o ò tíì wálé. Fáànù dé, fíríìjì dé, ẹ̀rọ orin dé, ìwọ nìkan ni ò tíì dé. Ọmọ ọlọ́mọ ló wá dọ̀bálẹ̀ níwájú àga wọn, ó sì dùn mí.

Mi ò tíì tan ẹ̀rọ náà láti ìgbà tí Bádéjọ ti lọ. Ọ̀gángán etí bàbá yín ló tò ó sí, ìwọ nìkan lo sì ga tó wọn. Ọlọ́hun á ṣọ́ ẹ lọ́nà, á mú ẹ dé láyọ̀. Àdúrà tìẹ gan-an pọ̀ ju ti Bádéjọ lọ, àmọ́ mi ò ní kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Wá dọ̀bálẹ̀, màá bá wọn dáhùn, lẹ́yìn náà kí o jókòó sí àga wọn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sọ̀fíyátù