Táyà Tí Ẹ Yá fún Àyẹ̀wò

Bàbá Toyyibah,

Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín yín wà nínú kúlà. Ẹ má wulẹ̀ wá kọ́kọ́rọ́ tírélà, inú báàgì mi ló wà.

Lẹ́yìn Àsùbáà ni mo gbé oúnjẹ lọ fún Ashraf ní gáréèjì yín ní Asese. Mo bá fọkanáísà níbẹ̀ tó ń tú táyà tuntun tí tírélà fi yege àyẹ̀wò lánàá. Ó ní ẹ yá wọn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín ni, pé ẹ ti ní kí òun dá wọn padà. Àwọn táyà àtijọ́ tó ti dán bí orí apárí, tí wáyà ti yọ lára wọn, ló fẹ́ dè padà. Símẹ́ńtì sì ti kún ẹ̀yìn ọkọ̀, Ìbàdàn lẹ ní kí Ashraf, ọmọ ìyá mi, wà á lọ.

Ẹ̀rín lẹ fi ń fi ìwé àyẹ̀wò yẹn hàn mí lánàá. Mo tún bá yín ṣe Alhamdulillahi.

Ashraf ní òun ò lè bá ọkọ ẹ̀gbọ́n òun jiyàn. Èmi lè bá yín jiyàn. Ilé àwọn òbí wa ní Lotto ni èmi àti Ashraf wà. Ẹ má rán ìyá yín sí mi o.

Kí n tó jáde, mo wo táyà mọ́tò tí ẹ̀yin fúnra yín ń gùn. Tuntun ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ò sì yá wọn lọ́wọ́ ẹnì kankan. Kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ nìyẹn lórí tábìlì.

Hàfísátù, ẹ̀gbọ́n Ashraf.