Dígí Kọ́, Ibi Ìwẹ̀ Ni

Abẹ́rẹ́ ọmọ mi, tín-ín-rín ara, mímú ẹnu,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn tó ń pè mí ní Bàbá Fóònù? Mo gbà á ládùúrà pé ẹsẹ̀ yín kò ní kọ nílé, kò ní kọ lọ́nà. Bí o bá ti ṣe àmín, jókòó dáadáa, nítorí èmi bàbá rẹ ti lẹ táìlì yí gbogbo ilé ká ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, láìsí olùrànlọ́wọ́, débi pé àwọn bírikìlà tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n gba àwọn ní ọmọ ẹ̀kọ́.

Ó dáa, kì í ṣe gbogbo ilé. Balùwẹ̀ ni. Kì í sì í ṣe òwúrọ̀ kan, nítorí ẹ̀yìn mi ní òun kò bá mi ṣe mọ́ kí oòrùn tó gòkè. Bírikìlà kan ṣoṣo ló sì wá, aládùúgbò wa, kò wá kẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀rín ló wá rín.

Mo mọ̀ pé òun ni o ní kí n gbé iṣẹ́ náà fún, láti ìgbà tí mo ti ṣubú níbẹ̀ nígbà òjò, tí mo ní ọṣẹ ló fà á. O sì ní bí o bá dé tí ilẹ̀ náà ṣì ń yọ̀, o máa dì mí mọ́ ẹrù rẹ ni, ọ̀dọ̀ rẹ ni n óò máa gbé. Ọmọ mi, mo ti rí ilé rẹ. Àpótí irin ló ń gbé èèyàn gòkè, mo kí gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀, wọ́n ń wo bàtà wọn. N kò lè darúgbó síbẹ̀. Ni mo bá ká ṣòkòtò dé orúnkún, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo kọ́kọ́ wo ọkùnrin inú fóònù tí o fi ránṣẹ́, èyí tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ táìlì. Mo kí i, kò dáhùn. Mo ní kó dúró kí n po sìmẹ́ǹtì tèmi, ó ń lọ bí ẹni tí ajá ń lé. Télọ̀ òdìkejì ọ̀nà wá fi ìka tẹ̀ ẹ́ láyà, ló bá dúró gbagidi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo figbe ta pé ó ti pa ọmọ ọlọ́mọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ọkùnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Nígbà tó yá dátà tán, ọkùnrin náà lọ, kò dágbére.

Bí mo ṣe wá ṣe é rèé. Táìlì ní ojú méjì, ọ̀kan ń dán yinrin, ìkejì ní ìlà wínníwínní. Èyí tó ń dán ni mo dojú rẹ̀ kọ sìmẹ́ǹtì, èyí tó nílà ló wà lókè. Bírikìlà yọjú, ó di orí mú, ó ní Bàbá, ẹ ti dojú gbogbo rẹ̀ délẹ̀! Mo ní ohun dídán là ń fi pamọ́, ohun líle là ń tẹ̀. Ó ní látìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun kò rí irú rẹ̀ rí. Mo ní kó máa wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà. Ó ní ojú dídán kì í di sìmẹ́ǹtì mú. Òótọ́ ló sọ o, méjì ti ń mì bí eyín mi.

Èmi náà ni mo rẹ́ ilẹ̀ yẹn nígbà tó wà ní titun, kí a tó bí ọ. Mo pa á títí ó fi ń dán, mo ń rí eyín ara mi nínú rẹ̀, mo wá pe ìyá rẹ kó wá wo iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Ó wò ó, ó yọ òòyà onígi nínú irun rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi fa ìlà sí sìmẹ́ǹtì tútù náà láti igun dé igun. Mo kígbe. Ó ní dígí kọ́ ni òun ní kí n ṣe, ibi ìwẹ̀ ni, orí ọmọ tí òun máa bí kò ní fọ́ torí pé bàbá rẹ̀ fẹ́ rí eyín. Mo bínú títí ilẹ̀ fi gbẹ. Ìwọ ni ọmọ náà. Ìwọ àti àbúrò rẹ lẹ wá ń da omi sójú ìlà yẹn, ẹ ń wo omi ẹni tó máa kọ́kọ́ dé ojú ihò, ìyá yín á máa kan ilẹ̀kùn pé ṣé ẹja lẹ fẹ́ dà ni. Títí di òní, bí mo bá pẹ́ níbi ìwẹ̀, ó máa ń ṣe mí bíi kí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn yẹn.

Owó tí o fi ránṣẹ́ dé. Báǹkì kọ̀wé sórí fóònù mi pé àwọn rí i, mo sì dá wọn lóhùn, mo dúpẹ́, mo kí ìyàwó wọn. Wọn kò tíì fèsì, bóyá ọwọ́ wọn dí. Bí o bá kọjá lọ́hùn-ún, bá mi kí wọn, kí o sì ní kí wọ́n fi díẹ̀ sí i, mo fẹ́ ra gọ́ọ̀mù líle tí bírikìlà ń sọ, nítorí àwọn táìlì tó ń mì.

Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú mi, ṣùgbọ́n wọn kò ní dì ọ́ mọ́ ẹrù.

Èmi ni, bàbá rẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Kì í ṣe ọṣẹ. Ìlà ìyá rẹ ló ti parẹ́, ẹsẹ̀ wa ló jẹ ẹ́ tán. Mo sì mọ ojú táìlì, bírikìlà ti fi hàn mí kí n tó lẹ ẹyọ kan. Mo yí ọ̀kan padà, mo rí ìlà lẹ́yìn rẹ̀, ni mo bá dojú gbogbo wọn délẹ̀.