Wákàtí Mẹ́jọ Tí Ẹ Ò Sọ fún Mi

Bàbá mi àtàtà, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi ní òǹkà,

Mo ti lọ́kọ o! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí wọ́n fà mí lé àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́wọ́ ní Ìgandò níbí, ẹnu mi ò sì tíì padé. Káfíńtà ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó máa ń súfèé tó bá ń fá pákó. Gbogbo ẹni tó ń kọ́lé láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìyànà Ìpájà ló ń wá a kó wá bá àwọn ṣe fèrèsé. Láàárọ̀, á jáde, á tún padà wọlé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Kò gbàgbé nǹkan kan, èmi ló fẹ́ tún rí. Bàbá, inú mi dùn débi pé abọ́ tó ti mọ́ ni mò ń tún fọ̀.

Àmọ́ mò ń bá yín bínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ayọ̀ tó gbà á lẹ́nu mi.

Ṣé ẹ rántí ọ̀sán tí òṣùpá bu oòrùn jẹ, tó kù bí awẹ́ obì kan? Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Àwọn aládùúgbò ń lu ìdérí ìkòkò kí òṣùpá lè fi oòrùn sílẹ̀, èmi ń sunkún lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ti ibi iṣẹ́ yín ní etí omi dé, níbi tí ẹ ti ń kọ ìgbà tí ọ̀sà ń kún àti ìgbà tó ń fà sílẹ̀. Ẹ po aró mọ́ omi nínú abọ́, ẹ ní kí n wo oòrùn nínú rẹ̀. Ẹ ní wọn ò jà, ọ̀nà ló pa wọ́n pọ̀. Ẹ ní ìwé ibi iṣẹ́ yín ń pe ìyípo wọn ní Sárọ́ọ̀sì: ọdún méjìdínlógún àti ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n á tún pàdé. Ẹ kà á lórí ìka ọwọ́ mi. Ẹ ní ilé ọkọ ni ọjọ́ náà máa bá mi, kí n gbé abọ́ aró sí àárín àgbàlá, kí n fi han ọkọ mi.

Mo di ọjọ́ náà mú, Bàbá. Lẹ́yìn Kérésì ni àwọn àbúrò yín fẹ́ ṣe ìgbéyàwó mi. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi mú un yá, kí ọjọ́ náà lè bá mi nílé ọkọ. Kódà nígbà tí ẹ dùbúlẹ̀ àìsàn, mo sọ fún yín pé ọjọ́ náà ku ọdún mẹ́ta. Ẹ fún mi lọ́wọ́ pinpin, ẹ ní, "Ó kù dẹ̀dẹ̀."

Ọjọ́ náà pé lánàá. Ìyá ọkọ mi, tó jẹ́ aláró, bu aró tó dára jù fún mi. Abọ́ mẹ́rin ni mo tò sí àgbàlá. Àwọn àgbà mú ìdérí ìkòkò dání. A dúró. Oòrùn wò wá láti inú abọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó rí roboto, kò yingin.

Ìyá Risi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, òṣùpá ọ̀hún dà? Àbí kò rí mọ́tò wọ̀ ní Ìyànà Ìpájà ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ ká tún dúró díẹ̀."

"Ká dúró kẹ̀! Ẹ bá mi mú aṣọ wá jàre, ká fi aró yìí rẹ nǹkan."

"Ẹ fi ìyàwó mi sílẹ̀ o," ni ìyá ọkọ mi wí. "Òṣùpá ló já wa kulẹ̀."

Ọkọ mi ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Láàárọ̀ yìí, orúkọ tuntun ni wọ́n fi kí mi: Ìyàwó Ọ̀sán-dòru.

Mo rò pé èmi ni mo ṣì í kà. Mo ṣí àpótí yín tí mo gbé wálé ọkọ, mo yọ ìwé òǹkà yín. Ọjọ́ náà wà níbẹ̀, mi ò ṣìṣe. Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú tàdáwà kan náà, ẹ kọ ọ́ pé: "Ó fi wákàtí mẹ́jọ lé ní ọjọ́ mẹ́wàá náà. Ayé á ti yí, òru á ti dé bá wa. Kò ní hàn ní Èkó."

Ẹ mọ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ ti mọ̀.

Ṣé torí ẹkún mi ni? Nígbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì ńkọ́, tí mò ń ṣe ìṣirò tó le ju èyí lọ, kí ló dí yín lẹ́nu? Ẹ ń kú lọ, ẹ ṣì fún mi lọ́wọ́ pinpin lórí irọ́?

Òǹkà mìíràn wà nísàlẹ̀ ojú ewé náà. Wákàtí mẹ́jọ lọ́nà mẹ́ta, ọjọ́ kan gbáko: lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta àti bí oṣù kan sí ọ̀sán tí mo sunkún lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, yóò padà sọ́dọ̀ wa. Ẹ kọ ọjọ́ orí mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ẹ kọ tiyín náà, ẹ sì fi ìlà pa á rẹ́.

Mo fi han ọkọ mi. Ó wò ó pẹ́. Ó fa pẹ́ńsù yọ lẹ́yìn etí, ó kọ ọjọ́ náà sí inú ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó ń kàn fún wa. Ó wá bi mí pé abọ́ wo la máa lò.

Mi ò tíì dárí jì yín, Bàbá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo bá bí, màá ka wákàtí mẹ́jọ náà mọ́ ọn fún un, bó tiẹ̀ ń sunkún.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ti tún òǹkà bẹ̀rẹ̀.