Ìkúnlẹ̀ Ọmọlúàbí

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ọmọlúàbí — orúkọ tí mo sọ ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ wa nínú ọkàn mi nìyẹn — tún kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ lójú gbogbo aláìsàn. "Màmá wa, ẹ má fi iṣẹ́ pa ara yín o." Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn tó wá yẹ ojú wò. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Èmi ni mo ń ṣe é kó tó mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn yìí. Mo lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, òun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ogójì. Ìgbà wo ni mo bí i?

Ọjọ́rú, 5
Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé tẹlifóònù. Tẹlifóònù. Bí ẹni ń kọ́ ọmọ jòjòló ní ìrìn. Nọ́ọ̀sì ní orí mi dára, pé irú ọmọ báyìí ò pọ̀ mọ́.
Ta ni n ó fẹjọ́ sùn? Kí ni n ó wí — pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi jù?

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo ṣèṣì pe bàbá kan kó tó kàn án. Kí n tó lanu, Ọmọlúàbí ti ń bẹ gbogbo bẹ́ǹṣì: "Ẹ má bínú sí màmá wa, ọjọ́ orí ni." Wọ́n ń kí mi pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo rò ó fún ọmọ tí mo bí lóòótọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ó kàn ń ràn yín lọ́wọ́ ni." Ilé ò gbà mí, ọ̀nà ò gbà mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ẹsẹ̀ Ọmọlúàbí ò kúrò ní yàrá Dókítà, ọ̀gá wa.

Ọjọ́bọ̀, 13
Dókítà pè mí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ó ní ọmọ mi ti bá mi bẹ̀bẹ̀: láti ọjọ́ Ajé, kí n bọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, nídìí fáìlì, kí n lè sinmi. Mo ní, "Ọmọ mi wo, sà?" Ó dárúkọ rẹ̀. Mo ní, "Mi ò bímọ kankan síbí, sà." Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. Ó ti fún un ní àga mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Ẹni tó bá nà ọ́ lẹ́gba, wàá ké. Ẹni tó fọwọ́ pa ọ́ lórí títí irun fi re dànù — igbe kí lo fẹ́ ké?

Ọjọ́ Ajé, 17
Mo tètè dé, mo jókòó sí àga iwájú. Ó bá mi níbẹ̀, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. "Màmá wa, ṣé Dókítà ò tíì bá yín sọ̀rọ̀ ni?"
Mo ní, "Dìde."
Kò dìde. Mo wí i jẹ́ẹ́, mi ò pariwo: "Tí o bá ń fẹ́ àga mi, dìde dúró kí o béèrè rẹ̀ bí ẹgbẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Má kúnlẹ̀ gbà á."
Ó bú sẹ́kún. Ìyá kan pòṣé, ó ní àgbà burúkú ni mí. Nọ́ọ̀sì gbá Ọmọlúàbí mọ́ra — èmi ńkọ́? Dókítà yọjú, ó ní kí n tọrọ àforíjì, kí n máa lọ sẹ́yìn.
Mo lọ sẹ́yìn. Àforíjì ò jáde lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Èmi àti Ọmọlúàbí jọ pàdé lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Kò kí mi.