Bí Odò Ẹ̀yìnkùlé Wa Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Páìpù

Àgbà ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹni tó ń ṣọ́ ọ láti òkè kò ní gbójú kúrò lára rẹ. Ìyá rẹ kí ọ, orúnkún rẹ̀ náà kí ọ, nítorí òun ló ń sọ̀rọ̀ jù nínú ilé báyìí.

Odò ẹ̀yìnkùlé wa ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Kọngilá kan ra gbogbo ilẹ̀ etí odò, ó fẹ́ kọ́ ọgọ́ta ilé síbẹ̀, ó ní òun máa ti odò bọ inú páìpù, òun máa rọ yẹ̀pẹ̀ sí àbàtà, òun á sì gé gbogbo igi. Kí n má purọ́ fún ọ, inú mi dùn, bíríkìlà ni mí, ọgọ́ta ilé kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, mo ti fọ irinṣẹ́ mi sílẹ̀.

Ìgbà náà ni ìgbìmọ̀ ìlú rán ọmọbìnrin awọnlẹ̀ kan wá. Ó yọ téèpù, ó ń wọn ìdí igi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rò pé aṣọ ló fẹ́ rán fún wọn, mo ní igi ńlá ẹ̀gbẹ́ afárá yẹn máa ń sanra lọ́dọọdún, kó fi àyè sílẹ̀ nínú aṣọ tirẹ̀. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òótọ́ ni mo sọ, ìdí nìyẹn tí ilé fi gbọ́dọ̀ jìnnà sí i, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè ráyè.

Ó wá pín fọ́ọ̀mù kárí ilé. Ibì kan bèèrè pé àwọn wo ló ń lo odò yìí. Àwọn aládùúgbò kọ orúkọ ara wọn, ó tán. Èmi rò pé bí mo bá fo ẹnì kan, wọ́n lè wá mú mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sí etí odò, mo kọ gbogbo wọn: ìyá rẹ tó ń fọṣọ, pẹ́pẹ́yẹ alágbẹ̀dẹ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ẹyẹ kékeré tó ń pẹja, àwọn ọ̀pọ̀lọ́, àti òjò orí òkè tí kò mọ ibòmíì tó lè gbà. Níbi tí wọ́n ti bèèrè iṣẹ́ oníkálukú, mo kọ pé ọ̀pọ̀lọ́ ń kọrin, òjò kò tíì sọ tirẹ̀ fún mi.

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ pe gbogbo wa sí ìpàdé, kọngilá ka fọ́ọ̀mù mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ojú tì mí, ọmọ mi, mo fẹ́ dìde máa lọ sílé. Ọmọbìnrin yẹn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á ketekete, nígbà tó dé ibi òjò, ó dúró.

Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ bá mi dá bàbá yìí lóhùn. Tí ẹ bá ti odò pa, ibo ni òjò máa gbà?”

Ìyá arúgbó kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò ló dìde, ó ní ilé òun ni yóò gbà.

Ìgbìmọ̀ ní àbọ̀ máa wá lórí fóònù. Mo ṣí fèrèsé, mo gbé fóònù sẹ́nu ẹ̀ kí ìwé lè ráyè wọlé, àbúrò rẹ ló padà bá mi kà á. Ilé di ogójì, wọ́n á sún jìnnà sí omi, igi kankan ò ní wó, wọ́n á tún gbin kún un. Apá odò tí wọ́n fi kọnkéré bò nígbà tí o wà ní kékeré, wọ́n ní kí á ṣí i. Èmi ni wọ́n gbà láti to òkúta bèbè rẹ̀, láìfi sìmẹ́ńtì sí i rárá! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe bíríkìlà, n kò ṣe irú ẹ̀ rí. Ọmọbìnrin yẹn ló kọ́ mi, ó ní kí n fi àlàfo sílẹ̀ kí koríko lè hù níbẹ̀. Ọmọ tí mo lè bí ni, ṣùgbọ́n “ẹ” ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ báyìí.

Lánàá la gbé kọnkéré tó kẹ́yìn kúrò. Omi kọ́kọ́ dúró bí àlejò lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Kọngilá fúnra rẹ̀ ká ṣòkòtò sókè, ó bọ́ sínú ẹ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó bàtà òjò ránṣẹ́, ẹsẹ̀ méjì-méjì fún èèyàn méjì, ìyá rẹ ní òun fẹ́ máa wá yẹ iṣẹ́ mi wò. Má fi sí báńkì, wọn kì í ṣí lọ́jọ́ ìsinmi, ta ni yóò máa ṣọ́ owó náà? Fi rán awakọ̀.

Ẹnikẹ́ni ò ní dí ọ̀nà rẹ. Ohun rere tí wọ́n bò mọ́ ọ lójú yóò ṣí. Wàá kó àwọn ọmọ wá, wàá bá wa láyọ̀.

Èmi ni, bàbá rẹ, tó ń fi ẹsẹ̀ tútù kọ̀wé.